Orílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Kan Tó La Ogun Já

Ní ìdíkọ̀ Mile 2 l'Ékòó, kò sí àárọ̀ tí kọ́ńdọ́kítọ̀ kì í pariwo "Orílẹ̀! Orílẹ̀ wọlé!" Orílẹ̀-Ìgànmú ni wọ́n ń kó èrò lọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Mile 2 sí Marina, Orílẹ̀ ti di ọ̀kan nínú ibùdó márùn-ún tí rélùwéè náà ti ń gbé èrò. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ráyè ronú lórí orúkọ ibùsọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ibi tí nǹkan ti wá, bóyá ni èyí tó rìn jìnnà tó orílẹ̀ wà. Ó gba inú ogun kọjá, ó wọkọ̀ ẹrú, ó wọ inú Bíbélì, ó sì wọ inú ìwé ìjọba.

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń pinnu èyí tí ẹnu yóò mú. Bó bá jẹ́ omi, orísun ni. Omi a máa sun láti inú ilẹ̀ tàbí lára àpáta, ibi tó ti sun ni ìsun rẹ̀. Ní Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti sun kó tó ṣàn gba Òṣogbo lọ sí ọ̀sà. Ní Ìkọ́gòsì, l'Ékìtì kan náà, omi gbígbóná àti omi tútù sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, èèyàn sì lè ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n ti pàdé kó mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Láti ara omi ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sára owó àti ìròyìn: ìjọba ń wá orísun owó, oníròyìn kì í tú orísun ìròyìn rẹ̀ síta. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1964, Orísun ló sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ náà ń jẹ́ Orísun FM. Òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Bó bá jẹ́ ilé, ìpilẹ̀ ni bíríkìlà ń fi lélẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí a ń lò fún ìjà, fún ẹgbẹ́, fún àìsàn. Bó bá jẹ́ ẹjọ́, àgbà tó ń parí rẹ̀ á béèrè ìdí ọ̀rọ̀, tàbí kó ní kí wọ́n sọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yẹn, ṣẹ̀, ló wà nínú ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú tí àwọn òpìtàn ń sọ. Òun ló wà nínú ìṣẹ̀ṣe pẹ̀lú, tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń ṣọdún rẹ̀ ní 20 oṣù kẹjọ, tí ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan nílẹ̀ Yorùbá sì ti fi ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀ ni wọ́n máa ń pè ní orírun: orírun Yorùbá, ibi tí ojúmọ́ ti mọ́ wá.

Orílẹ̀ yà sọ́tọ̀ láàárín wọn, nítorí ìdílé ló ń bá kiri. Ìlú tí wọ́n bíni sí lè má jẹ́ orílẹ̀ ẹni. Ìlú tí wọ́n bí baba tó bíni lọ́mọ sí lè má jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Orílẹ̀ ni ibi tí babańlá tí gbogbo agbo ilé gbà pé àwọn ti ara rẹ̀ jáde ti gbé, pẹ̀lú oríkì tó tibẹ̀ wá, àmì tó tibẹ̀ wá, àti èèwọ̀ nígbà mìíràn. Ọmọ Ìkòyí ni ìran jagunjagun, ìran ẹ̀ṣọ́ tí kì í fi ẹ̀yìn gbọfà. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki ọmọ Ọlọ́fà. Òpó ilé àti iṣẹ́ ọnà igi wà nínú ti Òpómúléró. Olúọ̀jẹ́ ń bẹ, Onígbẹ̀ẹ́tì ń bẹ, Olókùn-Ẹṣin ń bẹ, oníkálukú pẹ̀lú ìtàn tó mú kí wọ́n máa kì í bẹ́ẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, ya apá kan sọ́tọ̀ fún orílẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ àwọn Yorùbá. Ó to àwọn àmì náà: Erin, Ògún, Òpó, Ọ̀kín, Àgbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé pé èèyàn lè ní orúkọ àbísọ, kó ní oríkì, síbẹ̀ orílẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ ìdí igi tó ti wá. Àjàní pọ̀ nígboro. Àjàní Ọ̀kín kì í ṣe Àjàní Òpó. Bí ìyá bá fẹ́ jí ọmọ lówùúrọ̀, tàbí tó fẹ́ pẹ̀tù sí i lọ́kàn, bó ṣe ń pè é náà nìyẹn, títí dòní, ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ la ewu kọjá. Ẹ̀dà tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun sọ nù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún ìwé náà kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ọdún 1921 ló tó jáde ní títẹ̀.

Àwọn obìnrin ló tọ́jú orílẹ̀ jù. Ọkùnrin lè mọ orúkọ orílẹ̀ rẹ̀ kó má mọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ nínú oríkì rẹ̀, àmọ́ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ìta, tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé náà, ló ń kọ́ ọ látẹnu àwọn ìyálé, tó sì ń fi í ki ọkọ, ki ọmọ, ki òkú ilé. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Nínú ẹkún yẹn ni yóò ti ki orílẹ̀ baba rẹ̀ ní gbangba, lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ilé tí òun ti ń jáde kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Òkukù fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láàárín 1974 sí 1977, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1991 fi hàn pé ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Òkukù ni kì í pe Òkukù ní orílẹ̀ wọn. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń dárúkọ, ìlú tí babańlá wọn ti kúrò nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ọdún rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n ń sin ọba kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mọ̀ pé ibòmíràn ni òun ti ṣẹ̀.

Ogun ló sọ ọ̀ràn orílẹ̀ di ohun ńlá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tí oríkì ń dárúkọ ṣì dúró: Ìkòyí ní Oníkòyí, Ìgbọ́n ní Olúgbọ́n, Ìrẹsà ní Arẹ̀sà, Òwu ní Olówu, Ọ̀yọ́-Ilé sì ní Aláàfin tí gbogbo wọn ń wò lójú. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, gbogbo rẹ̀ dojú dé. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, àwọn jàmá, ìyẹn àwọn jagunjagun Mùsùlùmí ibẹ̀, gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́, ogun sì ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí gbogbo agbègbè Ọ̀yọ́. Ní ìhà gúúsù, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, dó ti Òwu fún ìgbà pípẹ́ títí wọ́n fi fọ́ ọ láàárín 1820 sí 1830. Àwọn aṣẹ́gun sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yà sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní nǹkan bí 1835 sí 1837, Ọ̀yọ́-Ilé gan-an tú. Àtìbà, Aláàfin tuntun, gbé ìtẹ́ ọba lọ sí Àgọ́-Ọjà, tí í ṣe Ọ̀yọ́ òní.

Àwọn tó sá kò sá síbi kan náà. Àwọn kan lọ sí Ìbàdàn, tó jẹ́ àgọ́ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dó sí ní nǹkan bí 1829, níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ẹ̀gbá ti jọ wà. Àwọn kan rọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan sí Òṣogbo, àwọn kan sí Ìjàyè, tí Ìbàdàn tún fọ́ ní 1862 tí wọ́n tún sá. Ìdílé kan lè kó ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìran kan. Kí ni wọ́n lè rù dání? Òrìṣà tó ṣe é gbé, irúgbìn díẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, àti oríkì. Nígbà tí àjèjì méjì bá pàdé ní ìgboro Ìbàdàn, tí ọ̀kan gbọ́ tí wọ́n ki èkejì ní Olúkòyí, ó mọ̀ pé ọmọ ìyá òun ni, bí wọn kò tilẹ̀ rí ara wọn rí. Wọ́n lè jọ gbé, wọ́n lè jọ ṣe òkú. Iṣẹ́ tí orílẹ̀ ṣe fún àwọn tí ogun fọ́n ká nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni, nítorí kò sí ọba mọ́, kò sí odi ìlú mọ́, kò sí ààfin tí èèyàn lè nawọ́ sí.

Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ náà yà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ, ibi tó di Abẹ́òkúta. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pàgọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì sọ àdúgbò tuntun ní orúkọ ìlú àtijọ́: Aké, Kémta, Ìporò, Ìkìjà, Ìlúgùn. Àwọn Òwu náà bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìlú àtijọ́ gan-an wá di ahoro, ó di oko. Nígbà tí ayé rọ̀ díẹ̀, tí àwọn kan padà lọ dáko síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n pè é ni orílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Orílẹ̀-Ìlúgùn fi wà títí dòní, yàtọ̀ sí Ìlúgùn tó wà láàárín Abẹ́òkúta. Bákan náà ni Orílẹ̀-Òwu ṣe wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ dó mọ́, tí Orílẹ̀-Ìgbọ́n sì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Olúgbọ́n tún ń jọba níbẹ̀. Níhìn-ín, orílẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu kì nìkan. Ilẹ̀ ni, èèyàn lè wọ mọ́tò lọ síbẹ̀.

Nígbà tí M. C. Adéyẹmí kọ ìtàn Ọ̀yọ́ jáde ní 1914, ó pe ìwé náà ní Ìwé Ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ Ìsisìyí. Ọ̀yọ́ méjì ló wà lójú òǹkọ̀wé náà, kò sì fẹ́ kí òǹkàwé dà wọ́n pọ̀.

Àwọn tí ogun kó lẹ́rú gbé orílẹ̀ tiwọn gba orí omi lọ. Ní Freetown, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń já àwọn ẹrú tó gbà sílẹ̀ lójú òkun sí, wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Aku, nítorí bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Ará ìta ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Láàárín ara wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó ti wá. S. W. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, jókòó tì wọ́n ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1854, ó to èdè Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yorùbá, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Oǹdó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọn ò tọ̀nà bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwọn yẹn ní Yorùbá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ jóòótọ́ nígbà yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bá pè ní Yorùbá ní 1850 lè rò pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pe òun.

Ní Matanzas, ní Kúbà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1845, ẹgbẹ́ Iyesá, tí ìlù rẹ̀ ṣì ń dún títí dòní. Ní Salvador, ní Bahia, orílẹ̀ Kétu ni ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ń pe ara wọn. Ìyá Nasò, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀, orúkọ oyè ni ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè ìyá tó ń bọ Ṣàngó ọba. Ìtàn Kétu máa ń ṣe èèyàn ní kàyééfì. Ní 1886, ogun Dàhòmì wọ Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òní, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, ìlú sì dahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì tí àwọn tó kù fi padà wálé ní nǹkan bí 1894. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú odi Kétu, àwọn èèyàn kan wà ní òdì kejì òkun tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ibẹ̀ rí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dé Freetown ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ogun fọ́ Òṣogùn lójú rẹ̀. Lọ́dún 1846 ló tó tún rí ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọkùnrin yìí, tí ìlú rẹ̀ ti pa run, ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Inú Bíbélì náà la ti ń ka orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dúró fún ìran kọ̀ọ̀kan tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ àti èdè tirẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Ohun tí wọ́n ṣe bá ìmọ̀ Yorùbá mu. Wọ́n mú orílẹ̀, tí í ṣe ti ìdílé, wọ́n so èdè mọ́ ọn, ó sì di ti gbogbo àwọn tó ń sọ èdè kan náà. Láti orí àga ìwàásù ni ó ti bọ́ sínú ìwé ìròyìn, láti inú ìwé ìròyìn bọ́ sẹ́nu olóṣèlú. Lónìí, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni a ń wí, bẹ́ẹ̀ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lé ní irínwó. Orúkọ náà kò ṣe rẹ́gí mọ́ ìlú tí a fi ń pè. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá máa là á yé wọn, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ "orílẹ̀-èdè Yorùbá" fi máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú òṣèlú.

Ìjọba náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà béèrè ibi tí èèyàn ti wá. Láti ìgbà tí ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1979 ti ní kí wọ́n máa pín ipò ìjọba àpapọ̀ yí ká àwọn ìpínlẹ̀, fọ́ọ̀mù ilé ìwé àti ti iṣẹ́ ń béèrè ìpínlẹ̀ abínibí, èèyàn sì ní láti lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ní ìbí tàbí ibùgbé nìkan kò tó: òbí ẹni, tàbí òbí òbí ẹni, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Òfin yìí ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí wọ́n bí sí Kánò, tó dàgbà sí Kánò, tó ń sọ Hausa bí ọmọ ibẹ̀, Ọ̀ṣun tàbí Kwara ni yóò kọ sí fọ́ọ̀mù, ibi tó lè jẹ́ pé Iléyá nìkan ló ń gbé e dé.

Orílẹ̀ kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìjọba kò sì lè fi àṣẹ yí i padà. Ẹ wo Ìpetumodù, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá sí ní 1926. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ibẹ̀ wà nígbà òmìnira. Ní oṣù karùn-ún 1967, ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976, ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1991, ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá yóò ti jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún, láìkúrò nílé baba rẹ̀.

Ọdún 1967 yẹn kan náà ni Babalọlá tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ àwọn oníjàálá, ìwé rẹ̀ lórí ìjálá sì ti jáde lọ́dún tó ṣáájú. Ó kó oríkì orílẹ̀ jọ látẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n kì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Kí ó tó kú ní 2008, ó ti mú iṣẹ́ náà gbòòrò títí orílẹ̀ inú rẹ̀ fi di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn akéwì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wà lónìí tí wọn kò jókòó ti ìyálé kankan kọ́ oríkì. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í ki olóòkú àti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lóde ìnáwó ní Ìbàdàn àti l'Ékòó.